Ta ni ó ń fọ omi?

1. Ìbéèrè ọmọ kan



Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lọ láti ilé-ìwé kan dé èkejì, kí n wo bí àwọn ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kan, mo wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí a máa ń fi omi fọ̀.

Ọmọ kan ní: “A máa ń fi omi fọ ọwọ́.”

Òmíràn ní: “A máa ń fi omi fọ abọ́.”

Ẹnì kẹta ní: “Ìyá mi máa ń fi omi fọ aṣọ.”

Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sẹ́yìn. Ó nawọ́ sókè. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, bí omi fúnra rẹ̀ bá dọ̀tí ńkọ́? Ta ni ó ń fọ omi?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ńlá ni ọmọ náà bi mí.

Ní ẹ̀yìn ilé-ìwé yẹn, àwọn ìyá ń ṣe gàrí. Omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Ní ibi tí ó ti jáde, ó funfun bíi wàrà. Nígbà tí yóò fi dé odò kékeré, ó ti di dúdú. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn àgbà abúlé sọ fún mi pé àwọn máa ń pẹja nínú odò yẹn nígbà tí àwọn wà ní kékeré. Nísinsìnyí, kò sí ẹja níbẹ̀ mọ́.

Mo kọ ẹ̀kọ́ yìí kí n lè dá ọmọ náà lóhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi kà á.

2. Kí ló pa ẹja?

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú omi odò. A kò lè fi ojú rí i. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹja ń mí.

Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tún wà nínú omi. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò lè rí wọn. A ń pè wọ́n ní ẹ̀dá àìfojúrí. Bí a bá fẹ́ rí wọn, a ní láti lo ẹ̀rọ kan tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú wa.

Omi ẹ̀gẹ́ kún fún oúnjẹ. Omi tí a fi fọ abọ́ ní oúnjẹ nínú. Omi tí ó jáde láti ilé-ìgbẹ́ náà ní oúnjẹ nínú fún àwọn ẹ̀dá yìí. Ohun tí àwa ń pè ní ìdọ̀tí, àsè ni lójú tiwọn.

Nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá wọ odò, àwọn ẹ̀dá àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Wọ́n á jẹ, wọ́n á bí sí i, wọ́n á pọ̀ sí i. Bí wọ́n ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mí. Láìpẹ́, wọ́n á mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Kí ni ẹja yóò mí? Kò sí. Ẹja á kú.

Omi ẹ̀gẹ́ kíkorò tún ní oró nínú. Oró yẹn náà ń pa ẹja. Ẹran ọ̀sìn tí ó bá mu ún lè kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe gàrí ni ó burú. Gàrí dára, àwọn ìyá wa sì ń fi í tọ́ wa. Ohun tí ó burú ni kí omi rẹ̀ wọ odò láìfọ̀.

3. Àwọn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́

Ẹ gbọ́ ohun ìyanu. Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí tí ń jẹ ìdọ̀tí inú odò, àwọn kan náà ni a lè bẹ̀ kí wọ́n bá wa fọ omi. Bí wọ́n bá jẹ ìdọ̀tí tán kí omi tó dé odò, odò kò ní bàjẹ́.

Irú méjì ni wọ́n. Irú kìn-ín-ní fẹ́ afẹ́fẹ́ gan-an. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, a ní láti fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tọ̀sán tòru. Ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Owó ńlá ni.

Irú kejì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ní ìsàlẹ̀ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àjàṣẹ́, ẹ ti rí ọ̀sà. Bí ènìyàn bá ki ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀ ọ̀sà tàbí ti àbàtà, omi á máa hó kùtùkùtù. Nǹkan kan ń jáde wá láti ìsàlẹ̀. Gáàsì ni. Àwọn ẹ̀dá tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó ṣe é.

Ní ọdún 1776, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alessandro Volta rí irú gáàsì yẹn ní adágún Maggiore ní ilẹ̀ Ítálì. Ó ro ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ó sì gba gáàsì tí ó jáde sínú ìgò. Nígbà tí ó ṣáná sí i, ó gbiná! Lónìí, a ń pe gáàsì náà ní mẹ́táànì. A lè fi í dáná bí a ṣe ń fi gáàsì inú sìlíńdà dáná.

Ẹ wá wò ó: àwọn ẹ̀dá yìí ń jẹ ìdọ̀tí, wọ́n sì ń fún wa ní iná. Ṣé ẹ rí i pé òṣìṣẹ́ rere ni wọ́n?

4. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ kan

Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹnì kejì ń lọ̀ ọ́. Ẹnì kẹta ń yan án lórí iná. Bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, gàrí kò ní jáde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín àwọn ẹ̀dá tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè jẹ ìdọ̀tí tán.

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni àwọn agékúrú. Wọ́n ń gé oúnjẹ ńlá sí wẹ́wẹ́.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn amúkan. Wọ́n ń gba èyí tí wọ́n gé, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun kíkan. Ẹ mọ bí ògì ṣe ń kan? Ẹ̀dá àìfojúrí ni ó ń mú kí ó kan.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn aṣegáàsì. Wọ́n ń jẹ ohun kíkan náà, wọ́n á sì sọ ọ́ di mẹ́táànì. Gáàsì náà á hó lọ sókè, á sì jáde kúrò nínú omi. Ìgbà náà ni omi tó mọ́ díẹ̀.

Àwọn amúkan yára. Àwọn aṣegáàsì kò yára. Wọ́n ń lọ pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ń bí pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ púpọ̀ ni ó ń gbà kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sí i.

5. Ìṣòro kan

Àwọn ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn ẹ̀dá yìí lè fọ omi. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Wọ́n kéré, wọ́n sì fúyẹ́. Bí omi ẹlẹ́gbin bá ń wọ inú àgbá ní ìhín, tí omi sì ń jáde lọ́hùn-ún, àwọn náà á bá omi jáde. Kó tó di ọ̀la, òṣìṣẹ́ á ti tán nínú àgbá!

Kí ni a ó ṣe? Bí a bá jẹ́ kí omi pẹ́ gan-an nínú àgbá, àwọn òṣìṣẹ́ á rí àyè bímọ. Ṣùgbọ́n àgbá náà á ní láti tóbi púpọ̀púpọ̀, nítorí pé omi tuntun ń dé lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa.

Ẹ wá ìgò kan tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ da omi mímọ́ sí i. Ẹ bu iyanrìn díẹ̀ sí i. Ẹ fọ́ amọ̀ gbígbẹ díẹ̀ títí yóò fi kúnná, kí ẹ bu òun náà sí i. Ẹ dé ìgò, kí ẹ mì í dáadáa. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún.

Kí ni ẹ rí? Iyanrìn ti rì sí ìsàlẹ̀. Amọ̀ kúnnákúnná ṣì ń fò kiri nínú omi. Ẹ rọra da omi náà nù. Amọ̀ bá omi lọ. Iyanrìn dúró.

Ní báyìí, ẹ mú amọ̀ tútù, kí ẹ fi ọwọ́ yí i di hóró kékeré kan. Ẹ jù ú sínú omi. Kò fò kiri mọ́. Ó rì kíákíá!

Amọ̀ kan náà ni. Kí ló yí padà? Nígbà tí ó wà ní ẹyọ ẹyọ, omi gbé e lọ. Nígbà tí ó di ara rẹ̀ mú, omi kò lè gbé e mọ́.

Ẹ má gbàgbé láti fọ ọwọ́ yín.

6. Hóró dúdú

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọkùnrin kan ń ronú lórí ìṣòro yìí ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ní Yúróòpù. Orúkọ rẹ̀ ni Gatze Lettinga. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú Wageningen.

Ní ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ìrèké nìkan ni a fi ń ṣe ṣúgà. Wọ́n ń gbin gbòǹgbò dídùn kan tí a ń pè ní bẹtiráàfù. Bí wọ́n bá ń fọ gbòǹgbò náà, tí wọ́n sì ń fún ṣúgà jáde lára rẹ̀, omi dídọ̀tí púpọ̀ á jáde. Omi náà dùn, ó sì kún fún oúnjẹ. Bí ó bá wọ odò, ẹja á kú, bí ó ti rí ní abúlé tí mo sọ fún yín.

Lettinga àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe àgbá kan. Wọn kò da omi dídọ̀tí sí i láti òkè. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kí omi wọlé, kí ó máa gòkè jẹ́jẹ́. Wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Wọn kò fi igi rò ó. Wọ́n ní sùúrù.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Kò rí bí ẹrẹ̀ lásán mọ́. Ó ti di hóró hóró! Hóró dúdú, ó rí róbótó, ó sì ń dán.

Báwo ni hóró náà ṣe tóbi tó? Àwọn kan kéré bíi hóró gàrí. Àwọn kan tóbi bíi hóró yànmọtí. Bí a bá wò wọ́n lórí àtẹ́lẹwọ́, a ó rò pé irúgbìn ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irúgbìn. Ìlú ni! Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlú àwọn ẹ̀dá àìfojúrí. Nínú hóró kan ṣoṣo, wọ́n pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tí ń gbé ní Àjàṣẹ́ lọ.

7. Báwo ni hóró ṣe ń dá?

Omi ń gòkè nínú àgbá, ṣùgbọ́n kò yára. Ní wákàtí kan, ó lè má gòkè ju mítà kan lọ. Ìgbín yára jù ú lọ.

Síbẹ̀, omi tí ń gòkè pẹ̀lẹ́ yìí ń ṣe ìdájọ́. Ẹ̀dá tí ó bá dá dúró, tí ó fúyẹ́, omi á rọra gbé e jáde. Ẹ̀dá tí ó bá di nǹkan mú, á dúró.

Nítorí náà, àwọn tí ó kù nínú àgbá ni àwọn tí ó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ èérún kékeré kan tí ó ti wà nínú omi. Àwọn mìíràn wá lẹ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyẹn. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò lọ ibì kankan.

Kí ni wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ara wọn? Ẹ mọ bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń yọ̀, tí ó sì ń fà. Àwọn ẹ̀dá yìí ń mú ohun kan tí ó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti ara wọn. Òun ni àtè wọn. Nínú àwọn aṣegáàsì, àwọn kan sì gùn bí òwú. Wọ́n ń lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n ń so àwọn yòókù pọ̀, bí ìgbà tí a bá fi okùn di ẹrù.

Nínú ọ̀pọ̀ hóró, àwọn agékúrú àti àwọn amúkan wà ní ẹ̀yìn òde. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pàdé oúnjẹ. Àwọn aṣegáàsì jókòó sí inú. Ẹ rántí pé wọn kò yára, wọn kì í sì í fẹ́ ìyọnu. Ní inú hóró, àwọn ará òde ń dáàbò bò wọ́n.

Ohun mìíràn tún wà. Nítorí pé wọ́n súnmọ́ ara wọn, oúnjẹ kì í pẹ́ lọ́nà. Amúkan ń nawọ́, aṣegáàsì ń gbà. Bí ìyá tí ń lọ ẹ̀gẹ́ bá jókòó ti ìyá tí ń yan gàrí, iṣẹ́ á yá.

8. Ẹ jẹ́ kí a wo inú àgbá

Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé a lè wo inú àgbá náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, omi dídọ̀tí ń wọlé láti inú ọ̀pá púpọ̀, kí ó lè dé ibi gbogbo.

Lẹ́yìn náà, omi á gba àárín àwọn hóró dúdú kọjá. Wọ́n pọ̀ jọ bí iyanrìn ìsàlẹ̀ odò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ìdọ̀tí. Bí wọ́n ti ń jẹ, gáàsì ń hó jáde lára wọn. Híhó gáàsì yìí ni ó ń ro àgbá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó nílò láti rò ó.

Nígbà mìíràn, gáàsì á lẹ̀ mọ́ hóró kan, á sì gbé e lọ sókè. Ṣé hóró náà yóò jáde lọ bí? Rárá. Ní òkè àgbá, wọ́n ṣe nǹkan kan tí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Gáàsì á wọ abẹ́ igbá, á sì gba ọ̀pá jáde. Hóró tí gáàsì ti fi sílẹ̀ á wúwo padà. Á rì, á padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ hóró lè rì ju mítà 20 lọ ní wákàtí kan. Omi tí ń gòkè mítà kan péré kò lè borí wọn.

Omi tí a ti fọ̀ ńkọ́? Á gba ẹ̀gbẹ́ igbá kọjá, á sì ṣàn jáde ní òkè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó ń pínyà níbẹ̀: gáàsì ń lọ sókè, omi ń lọ síta, hóró ń padà sílé.

Ilé-iṣẹ́ á wá fi gáàsì náà gbé omi kaná, tàbí kí wọ́n fi ṣe iná mànàmáná.

9. Ohun tí ń ba hóró jẹ́

Bí a bá bí ọmọ tuntun, ṣé a máa ń fún un ní iyán ní ọjọ́ kìn-ín-ní? Rárá o! Wàrà ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu. Bẹ́ẹ̀ ni àgbá tuntun rí. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún un ní omi dídọ̀tí. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, hóró á máa dá, a ó sì máa fi kún oúnjẹ wọn.

Bí a bá fún wọn ní oúnjẹ jù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ rántí: àwọn amúkan yára, àwọn aṣegáàsì kò yára. Àwọn amúkan á ṣe ohun kíkan púpọ̀. Àwọn aṣegáàsì kò ní lè jẹ ẹ́ tán. Omi á kan gan-an. Kíkan náà á sì mú kí àwọn aṣegáàsì dẹ́kun iṣẹ́. Nígbà náà, gáàsì kò ní jáde mọ́, omi kò sì ní mọ́. Nítorí náà, àwọn tí ń tọ́jú àgbá máa ń wo bí omi ṣe kan tó lójoojúmọ́. Bí ó bá ti ń kan jù, wọ́n á dín oúnjẹ kù kíá.

Òtútù náà kò dára fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oògùn apakòkòrò àti àwọn oró mìíràn lè pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ebi kì í tètè pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, oṣù díẹ̀ péré nínú ọdún ni wọ́n fi ń ṣe ṣúgà bẹtiráàfù. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, oúnjẹ á tán. Àwọn hóró á dákẹ́, bí ẹni tí ó sùn. Nígbà tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á sì tún máa jẹun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àgbá tuntun lè lọ bu hóró lọ́dọ̀ ẹni tí àgbá rẹ̀ ti dàgbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ á yá kíákíá. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò bá wá bu ẹ̀yinná ní ilé wa kí ó lè dáná tirẹ̀.

10. Níbo ni wọ́n ti ń lò ó?

Lettinga kò gba ìwé tí yóò sọ pé òun nìkan ni ó ni iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé lè lò ó, pàápàá àwọn tí kò ní owó púpọ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Tyler ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ńlá mìíràn ní ìlú Singapore nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí omi.

Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣúgà, ti ọtí bíà, ti bébà àti ti ọ̀dùnkún ń lo àwọn hóró dúdú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn ronú pé: “Bí a bá gbé irú àgbá yìí lọ sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, ṣé kò ní lè fọ omi ilé-ìgbẹ́ ìlú ńlá?” Ní ọdún 1983, wọ́n dán an wò ní ìlú Cali ní ilẹ̀ Kòlóńbíà. Àgbá náà gba lítà 64 000. Ìyẹn jẹ́ garawa 3 200, bí garawa kọ̀ọ̀kan bá gba lítà 20. Ó ṣiṣẹ́! Omi ilé-ìgbẹ́ kò nípọn bíi ti ṣúgà, nítorí náà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ kì í sábà di hóró líle. Ṣùgbọ́n ó ń rì, ó ń dúró sínú àgbá, ó sì ń jẹ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Íńdíà. Wọ́n sì ṣe púpọ̀ ní Bràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá sílé.

Ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Songhaï máa ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná. Ìgbẹ́ kò ṣàn bí omi, nítorí náà kì í ṣe àgbá olómi-gígòkè ni wọ́n nílò. Ṣùgbọ́n irú àwọn ẹ̀dá kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àwọn agékúrú, àwọn amúkan àti àwọn aṣegáàsì.

11. Ìdáhùn mi

Ìwọ ọmọbìnrin tí o bi mí ní ìbéèrè, mo lè dá ọ lóhùn báyìí. O ní: “Ta ni ó ń fọ omi?” Àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí ni ó ń fọ omi. Ẹni tí ó bá dá wà nínú wọn, omi á gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá di ara wọn mú, wọ́n á di hóró, wọ́n á sì ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Àwọn àgbà wa ní: “Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.”

Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe é láìsí àwa ènìyàn. Ènìyàn ni yóò kọ́ àgbá. Ènìyàn ni yóò gbẹ́ ọ̀nà tí omi ẹ̀gẹ́ yóò gbà kí ó má baà wọ odò. Ènìyàn ni yóò ní sùúrù ní oṣù púpọ̀. Bóyá ìwọ ni yóò ṣe é fún abúlé rẹ ní ọjọ́ kan.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta.

Èkínní: omi tí ó jáde láti inú irú àgbá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe omi mímu. Ó mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ń fa àìsàn ṣì lè wà nínú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ tún un fọ̀ sí i.

Èkejì: ẹ má ṣe wọ inú kòtò ilé-ìgbẹ́ tàbí àgbá omi ẹlẹ́gbin láéláé, bí bọ́ọ̀lù yín tilẹ̀ já sínú rẹ̀. Gáàsì ibẹ̀ lè pa ènìyàn kí ó tó pariwo. Ẹ má sì ṣe ṣáná lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ lọ pe àgbàlagbà.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe da epo, oògùn apakòkòrò tàbí ìdọ̀tí sínú odò. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó fẹ́ dà á, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹja ń mí níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹ̀dá àìfojúrí: ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i.
Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ohun tí ó rì sí ìsàlẹ̀ omi tàbí epo.
Mẹ́táànì: gáàsì tí ń jáde láti inú ẹrẹ̀, tí ó sì lè gbiná.
Hóró: ohun kékeré tí ó ṣù pọ̀, bíi hóró gàrí.
Àtè: ohun tí a fi ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọmọbìnrin kékeré náà béèrè?
2. Kí ló dé tí ẹja fi ń kú bí omi ẹ̀gẹ́ bá wọ odò?
3. Dárúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ wo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe?
4. Nínú ìgò yín, èwo ni ó kọ́kọ́ rì, iyanrìn tàbí amọ̀ kúnnákúnná? Kí ló dé?
5. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fún àwọn hóró ní oúnjẹ jù?
6. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ: níbo ni omi ìdọ̀tí ilé wa ń ṣàn lọ? Lọ wò ó, kí o sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ.